Kọ̀ǹpútà Bàbá Ti Ń Ṣiṣẹ́

Àbúrò mi,

Má tan kọ̀ǹpútà bàbá wa níṣojú màmá. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yọ díísìkì tó bàjẹ́ láàárọ̀, ó fi tuntun sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ geere, àmọ́ òfìfo ni inú rẹ̀. Ohùn bàbá tí a gbà sórí díísìkì àtijọ́ kí wọ́n tó kú, tí màmá máa ń gbọ́ kí wọ́n tó sùn, ti lọ. Ọkùnrin náà ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Má pè é; mo ti bá a jà tán. Màmá kàn ní, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì gbé díísìkì àtijọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Má fọwọ́ kàn án.

Tí o bá dé, má kí wọn láti ẹnu ọ̀nà bí o ṣe máa ń ṣe. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ojú rẹ. Ohùn bàbá àti tìrẹ, ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ