Níbo Ni Funfun Yìí Ti Wá?

Ìkòtún,
Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Mọ̀nsúrát, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí òtútù tí ẹ jọ ń gbé níbẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé ọwọ́ tí o fi ń kun ọ̀dà kò ro ọ́ mọ́. Àwa náà wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹnu mi nìkan ni kò tíì rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí èsì látìgbà tí o ti fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Má bínú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè gbà sílẹ̀ lórí Wásáàpù, torí bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, mo máa ń ṣìnà. Mo ní kí n fara balẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Bí ìbéèrè rẹ ṣe yé mi rèé. O ní gbogbo àwòrán tí o fẹ́ gbé síta fún àwọn ará Kánádà láti wò lóṣù tó ń bọ̀, "Ilé" ni o pè wọ́n. Ẹnì kan wá wò wọ́n ṣáájú, ó ní yìnyín ni gbogbo funfun tí o kùn sórí ilẹ̀ pupa yẹn, pé yìnyín ibẹ̀ ni o kàn ń pè ní ilé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ kò ti balẹ̀. O ní o kò rántí ibì kankan ní Alimọ́ṣọ́ tó funfun báyẹn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì, funfun náà ni, pẹ̀lú búlúù díẹ̀ létí rẹ̀ tí o kò mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. O ní bí mi ò bá lè bá ọ rí ibẹ̀, o máa kun ọ̀dà mìíràn bo gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọmọ tí kò ní ìyá tó lè bi léèrè, ta ni yóò bi bí kò ṣe èmi àbúrò bàbá rẹ̀?

Kí n má purọ́ fún ọ, n kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan nínú wọn. Mo yí fóònù síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ilé, kò sí igi, kò sí ènìyàn. Mo rí pupa nísàlẹ̀, mo rí funfun lókè rẹ̀ tó gé sí wẹ́wẹ́, mo ní àbí fóònù mi ló ti bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Ohun tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Yídì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní bóyá ọjọ́ Iléyá kan ni bàbá rẹ gbé ọ dání, tí gbogbo ọkùnrin wọ jalábíà funfun, tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ. Mo ti fẹ́ẹ́ kọ ìyẹn sí ọ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo tún àwòrán náà wò, mo rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹní ló máa ń bo ilẹ̀ Yídì, pupa rẹ̀ kò ní hàn tó báyìí. Bákan náà, funfun tìrẹ kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àlàfo wà lábẹ́ rẹ̀, tí ọmọ kékeré lè gbà kọjá.

Mo bá gbé fóònù tọ bàbá rẹ lọ ní Ẹgbẹ́dá. O mọ ẹ̀gbọ́n mi, Nàfíù kì í sọ ju bó ti yẹ lọ, ẹnu mi náà ni ìkíni ẹ̀yin méjèèjì ń gbà. Ó wo àwòrán kan, ó wo òmíràn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Ìgàndò fún un?" Mo ní Ìgàndò wo? Ó dìde, ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó! Ìwọ náà wò ó, ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn kó jókòó sílé?

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé nígbà tí àìsàn Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ le, ó gbé ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ láti lọ sinmi. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi nìyẹn, torí Jọ́ọ̀sì ni mo wà pẹ̀lú ọkọ mi nígbà náà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìgàndò rí.

Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ìgàndò. Gbogbo àgbàlagbà tí mo bá rí ni mò ń fi àwòrán hàn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá gan-an?" Mo ní n kò mọ̀, mo ní funfun ni mò ń wá. Ó ní, "Tó bá jẹ́ funfun ni, ọ̀dọ̀ àwọn aládùúrà nìyẹn jàre," ó sì nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn ilé epo.

Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe. Wọ́n mú mi lọ bá ìyá àgbà kan, Ìyá Charity, tó máa ń tọ́jú àwọn aláìsàn tó ń gbé inú ọgbà wọn láyé ọjọ́un. Mo na fóònù sí i. Ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé wa nìyí ṣá, kí wọ́n tó da kọnkéré sí i. Sùtánà funfun wa la sá sórí okùn yẹn." Ló bá fi ìka kan búlúù náà, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wo búlúù! Na only Àtọ́kẹ́ dey put búlúù like dat." Mọ̀nsúrát, n kò tíì dárúkọ ìyá rẹ fún un o. Mo jókòó tì í, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ó ní ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló bẹ bàbá rẹ pé kó gbé òun wá, nígbà tí oògùn ọsibítù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá wa Alájì kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyàwó ilé wa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà? Ìjà ni ìbá dé. Ìdí nìyẹn tí Nàfíù fi pe Ìgàndò ní Ayọ̀bọ̀ fún gbogbo wa. Lálaalẹ́ ló ń gbé oúnjẹ wá, ẹ̀yìn ọgbà ló sì ń dúró sí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ a máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, ìyá rẹ ní òun á máa fọ sùtánà. Kò fọ irú rẹ̀ rí, ó da búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sómi láìwọ̀n, gbogbo àwọn àgbà ìjọ sì tàn búlúù-búlúù lọ́jọ́ ìsìn. Nígbà tí wọ́n ń kùn, ó ní, "Ẹ má bínú, mo bu ojú ọ̀run díẹ̀ sí i fún yín ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó máa fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? O kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Bó bá ti sá aṣọ tán, ìwọ á kó sábẹ́ wọn, wàá máa pe màámi, màámi. Kò ní dáhùn. Ó kàn máa gbọn aṣọ kan jìgìjìgì, kí o lè mọ ibi tó wà, ìwọ á sì sáré lọ bá a. Ìyá Charity ní títí aṣọ fi máa gbẹ lẹ máa ń ṣe é. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, ẹlòmíràn ló ń sá aṣọ, síbẹ̀ abẹ́ wọn ni o ṣì ń sáré wọ̀, tí ò ń wá a. Ọsibítù ni wọ́n gbé e padà sí, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo sunkún, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Nítorí náà, ilé ni, ọmọ mi. Má yọ orúkọ náà, má sì kun nǹkan kan bo ohunkóhun. Yìnyín kọ́. Ìyá rẹ ni ò ń wá láàárín aṣọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Àtọ́kẹ́ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó fún ìwọ ní ẹ̀mí gígùn, kí ojú rẹ má ṣú sí àwọ̀, kí iṣẹ́ rẹ rí ojú rere lọ́dọ̀ àwọn tó máa wò ó. Àmín.

Èmi ni,
Sìkírátù, àbúrò bàbá rẹ, tí kò lè ṣe kó má tọpinpin.

Àfikún: Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé yìí, kí n tó fi ìwé yìí ránṣẹ́. Mo ti múra ìjà lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ ohunkóhun. Ó kàn gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó jókòó tì í, ó ń fi ìka méjì fa funfun náà kó tóbi sí i, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bi ọ́, níbo gan-an ni ìyá rẹ dúró sí. Mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ti gba nọ́ńbà rẹ.