Àpò Iyọ̀ Méjì Tí Mo Dà Sínú Adágún Ẹja Bàbá Rẹ

Ilé wa, lẹ́yìn Mọ́níyà,
Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì.

Hamidah ọmọ mi, Àbẹ̀ḿbí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé omi ń yọ dáadáa ní Bódìjà, ṣé iná kì í fi ojú yín gbolẹ̀? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, àfi ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ. Má jẹ̀ẹ́ kí àyà rẹ já, kò sí ẹni tó kú. Ẹja ló kú. Ìwé ni mo fi sọ ọ́ nítorí pé bàbá rẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò fẹ́ kí n tún gba ìmọ̀ràn kankan láti Bódìjà mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí mo lọ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo wá bá ọ ní ọ́fíìsì yín lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí mo retí rẹ títí tí o ò wá jẹ ẹran? O ní iṣẹ́ ni ò jẹ́, pé òkun lẹ ń ṣọ́. Mo wo Bódìjà yíká lọ́jọ́ náà, mi ò rí òkun, mi ò rí ọ̀sà, gọ́tà nìkan ni mo rí. Ọ̀gá yín, Tómilọ́lá, ọmọ tó mọ àgbà á kí, ló fi kọ̀ǹpútà hàn mí, ó ní òkun nìyẹn, pé sátẹ́láìtì kan ló ń fò lókè lọ́hùn-ún tó ń yà á ní fọ́tò. Ó ní ibi tó pọ́n ni omi ti gbóná, ibi tó dà bí ewé ni ẹja ti ń rí oúnjẹ jẹ, ibi tí ìgbì bá sì ti ga, ẹ ó ránṣẹ́ sí àwọn apẹja pé kí wọ́n jókòó sílé ìyàwó wọn. Inú mi dùn. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń ṣọ́ ọkọ ọlọ́kọ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ojú ẹ̀rọ náà sí ẹ̀yìn Mọ́níyà díẹ̀, kí ọmọ mi máa rí èmi àti bàbá rẹ̀ láràárọ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti rí wa. Ìwọ lo dá mi lóhùn, ẹnu ara rẹ ni, o ní, Mọ́mì, èyí tiwa kì í wo ilẹ̀, omi òkun ló ń wò, ó tilẹ̀ ń mọ bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo gbé délé.

Mo rò ó títí. Ọmọ mi ò ráyè wálé, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í wo ilẹ̀, kí ló kù bí kò ṣe kí n wá omi oníyọ̀ sẹ́yìnkùlé? Adágún tí bàbá rẹ fi bíríkì mọ ṣáà jókòó síbẹ̀ gbẹdẹmukẹ pẹ̀lú ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní ẹja àti iyọ̀ kì í jà, ṣebí inú ìkòkò kan náà la ń kó wọn sí. Mo ra àpò iyọ̀ kan ní Mọ́níyà. Obìnrin tó tà á bi mí pé ṣé ìnáwó ni mo fẹ́ ṣe, mo ní rárá o, ọmọ mi ló fẹ́ rí mi. Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀, ó gba owó rẹ̀.

Nígbà tí mo dà á sí i tán, mi ò mọ̀ bóyá ó tó, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tọ́ òkun wò rí. Mo bá pe Mánsúrù káfíńtà, ará ilé kejì wa, ẹni tó gbé Èkó fún ọdún mẹ́ta tí ìgbì sì gbé ṣubú létí òkun tó fi mumi yó. Ó bu omi adágún, ó tọ́ ọ wò, ó dijú, ó ní èyí ṣì jẹ́ omi ọbẹ̀. Mo ra àpò kejì. Ó tún tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó pariwo pé òkun gan-an nìyí, ìgbì ló kù! Mo bá mú igi gígùn, mo ń rú omi náà títí apá fi ń ro mí.

O ti sọ fún mi pé nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni sátẹ́láìtì náà máa ń kọjá. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti wẹ̀, mo ti wọ léèsì tí o rà fún mi, mo ti lé tìróò, mo dúró létí adágún, mo gbójú sókè. Àfi bí ìkùukùu ṣe bo ojú ọ̀run! O sì ti sọ pé ìkùukùu máa ń dí ẹ̀rọ náà lójú. Mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣí, mo juwọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo yí ẹ̀yìn sí ọ kí o lè rí i pé mi ò rù, mo ní Hamidah, èmi rèé o, ìgbà wo lò ń bọ̀? Ìgbà tí ọrùn dùn mí tí mo wolẹ̀, gbogbo ẹja bàbá rẹ ti yí ikùn sókè, funfun báláú, a jọ ń wo sátẹ́láìtì ni.

Bàbá rẹ toko dé, ó ní ta ló pa ẹja òun. Mo ní Hamidah ni. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, láti ìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. A yan ẹja náà, a tà á, àwọn oníbàárà ní àwọn ò rí ẹja tí iyọ̀ wọ̀ dé egungun bẹ́ẹ̀ rí. Mánsúrù mú mẹ́rin, ó ní owó ahọ́n òun ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, wá owó díẹ̀ fún bàbá rẹ kó fi ra ọmọ ẹja mìíràn. Má fi ránṣẹ́ gba báńkì o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, o ní owó tuntun lo san síbẹ̀, gbígbó ni wọ́n kà fún mi ní Mọ́níyà, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Fọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Ọkọ̀ kan dé Ọ̀jọ́ọ̀, ọkọ̀ kan dé Mọ́níyà, ọ̀kadà ló kù. Kí o sì sọ fún mi bóyá o rí mi, torí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn gidi. Bí o bá rí mi, mo lè fara da ìbínú bàbá rẹ. Bí o ò bá rí mi, ẹja wọ̀nyẹn kú lásán.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ òkun kí wọ́n tó bí ọ̀gá yín yóò bá wa ṣọ́ ọ. Ìgbì ayé ò ní gbé ọ lọ. Kọ̀ǹpútà ò ní fọ́ ọ lójú, wàá fi ojú náà rí ọkọ gidi. Àmín.

Mo ti fẹ́ pa ìwé yìí dé kí n fi rán awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀, ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Aago mẹ́wàá ti lù. Mo yọjú lójú fèrèsé, bàbá rẹ ni. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí mo ti ní ká gbọ́n omi iyọ̀ yẹn dànù, tó kàn ń mi orí pé rárá, mi ò mọ ìdí. Ó wọ agbádá Iléyá, ó dé fìlà. Ó fi igi rú omi díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbójú sókè. Hamidah, bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, sáré lọ síwájú ẹ̀rọ rẹ, kí o juwọ́ sí i kíá, oòrùn ti ń mú, mo sì mọ bàbá rẹ, kò ní wọlé títí o ó fi rí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.