Fírísà Àna Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà 2025

Àlejò ti kú. Àlejò ni orúkọ tí mo fún fírísà funfun tuntun wa, nítorí bó ṣe jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Oṣù kan kò tíì pé tí a rà á. Iná wà láti àárọ̀, sìtébíláísà ń tàn, òun náà ń kùn, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹran tí mo tọ́jú de ìdána Délé ọmọ mi ti jẹrà. Mo gbẹ́lẹ̀ sin ín lẹ́yìn ilé, kí aládùúgbò má baà gbóòórùn.

Bàbá Délé ní kí a gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ta ni? Ti Babátọ́pẹ́ ni — Baba Gárántì, bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi, nítorí kò sí ohun tí yóò tà tí kò ní sọ pé "gárántì wà". Ìyanuolúwa ọmọ rẹ̀ ni Délé fẹ́ fẹ́. Àwa là ń tọrọ ọmọ. Ṣé ẹni tó ń tọrọ ọmọ ló máa gbé ọjà padà lọ bá bàbá ọmọ, nígbà tí a kò tíì ṣe ìdána? Wọ́n á ní a ti bẹ̀rẹ̀ ìjà kí a tó gbé ìyàwó.

Èyí tó dùn mí jù: ó fẹ́ kọ rìsíìtì lọ́jọ́ tí mo rà á. Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní àna kì í gba rìsíìtì lọ́wọ́ àna. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló yìn mí. Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Òmùgọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀wàrà

Délé pè láti Lọ́kọ́ja. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un — ẹnu ọkùnrin yẹn! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún mi. Pé ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Pé "ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà" tí àwọn ọlọ́jà ń lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n kàn fi ń dẹ́rù bani ni.

Mo ní kó fi òfin rẹ̀ sápò. Mo ní nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń gbé e mì. Ó ní òun kò rán mi níṣẹ́ yẹn. Mo pa fóònù. Bàbá rẹ̀ ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní kí tèmi dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ̀wàrà

Mo kó èlùbọ́ àti gàrí sínú Àlejò, mo pa á dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ọ̀wàrà

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí.

Mo ń ti ọ́fíìsì bọ̀, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Baba Gárántì. Èrò pọ̀. Fẹ̀hìntọlá wà níbẹ̀ — opó ọmọ Odo-Ape tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí gáréèjì. Ẹgbẹ́ obìnrin kan náà la jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú fírísà wa gan-an ló rà, lọ́sẹ̀ kan náà. Ó ti gbé e wá lórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Ẹja rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára fírísà náà. Baba Gárántì kò bínú o. Ó kàn ń ṣàlàyé ni, pé ọjà òun kò ní àbùkù, pé wáyà ilé obìnrin náà ló ti gbó.

Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní àna òun rèé, tó ra irú rẹ̀, kí wọ́n bi mí. Fẹ̀hìntọlá yíjú sí mi. Ó ti rò pé òun rí ẹlẹ́rìí. Ó kí mi ní okun, bí a ti ń kí ara wa níhìn-ín ní Kabba.

"Ìyá Délé, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tiyín ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ìyẹn nìkan kò tó mi. Mo ní omi rẹ̀ ń dì gan-an, pé òkúta ni mo fi ń fọ́ ọ. Ta ló bi mí léèrè òkúta? Wọ́n ti fírísà Fẹ̀hìntọlá padà sórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Tèmi tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ — ọ̀fẹ́ ni mo fi ta tèmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Oúnjẹ kò lọ. Ojú ń tì mí, àní nínú ilé ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Mo jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n má baà rí i. Òun ló wá mi wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ èmi, òun ì bá ti ba Babátọ́pẹ́ lórúkọ jẹ́ káàkiri Kabba lásán. Ó ti ta àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, ó ti pe oníwáyà pé kó wá tú gbogbo wáyà ilé, kó fi tuntun sí i. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní Ọlọ́run á ṣe é ní àṣeyọrí. Ẹnu mi yìí náà.

Nígbà tí àwọn ènìyàn dìde lọ gba ara Olúwa, n kò dìde. Bàbá Délé wò mí. Mo ní orúnkún ló ń dùn mí. Irọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Baba Gárántì àti Mary ìyàwó rẹ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ ìdána. Wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ dání, tí ẹnìkan fún wọn ní Aiyetoro-Gbede. Kí n tó dìde, Mary ti wọ ilé ìdáná, ó ní òun á kó o sí fírísà. Mo sáré tẹ̀lé e. Ó ti ṣí i. Ó ń wo èlùbọ́. Ó fọwọ́ kan ara fírísà nínú, ó pa á dé jẹ́jẹ́, ó pe ọkọ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Baba Gárántì ní ẹni tó ń kó ọjà fún òun láti Onitsha wá ní Àbámẹ́ta. Ọkùnrin náà bi í bóyá àwọn ènìyàn ń ráhùn lórí fírísà yẹn. Pé bó bá ju ẹyọ kan lọ, òun á kó gbogbo rẹ̀ padà. Òun sì fi ọ̀rọ̀ mi dáhùn: ẹyọ kan péré ni, wáyà ilé ló fà á. Ọkùnrin náà ti gba owó rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó gún mi.

"Àna mi, ṣé irú èèyàn tó máa torí fírísà tú ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ká lẹ kà mí sí?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo kà á sí. Mo sì ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

Ọjọ́rú, 15 Ọ̀wàrà

Mo lọ sílé Fẹ̀hìntọlá. Oníwáyà ti parí iṣẹ́. Wáyà tuntun yí ògiri ká, fírísà náà ń kùn, kò tutù. Ó jókòó tì í, ó ń sọ pé bóyá ó fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó bi mí bóyá tèmi ti kú lọ́jọ́ tó bi mí. Mo ní ó ti kú. Ó ní kí ló wá dé. Mo ní nítorí àna. Kò sunkún, kò pariwo. Ì bá wù mí kó pariwo.

"Ibi tẹ́ ẹ ti sọ tọjọ́sí," ó ní, "ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ èyí. Kí èrò pọ̀ níbẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Mo ti sọ ọ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù Baba Gárántì. Èrò pọ̀. Bàbá Délé dúró lẹ́yìn mi. Mo ní tèmi ti kú kí Fẹ̀hìntọlá tó gbé tiẹ̀ wá, pé irọ́ ni mo pa, pé wáyà ilé rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

Baba Gárántì gba fírísà méjèèjì lójú gbogbo wọn. Ó dá owó Fẹ̀hìntọlá padà. Ẹni Onitsha ti ní òun kò gba nǹkan kan mọ́, Baba Gárántì sì ní òun á ru òfò náà fúnra òun. Ó ní ìdána kò yẹ̀. Mo ní èmi ni màá san owó wáyà. Fẹ̀hìntọlá ní òun kò gbà.

Kó tó lọ, ó kí gbogbo ènìyàn ní okun, lọ́kọ̀ọ̀kan: Baba Gárántì, Mary, Bàbá Délé, títí kan ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó gba iwájú mi kọjá.

Kò kí mi.