Ẹ Gbọ́ Ohun Tí Ọmọ Náà Kà Fáwọn Sójà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Port Harcourt níbí, mo sì kí Màmá àti gbogbo ará ilé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Inú ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, torí pé ẹ kò gbé fóònù mi mọ́ látìgbà tí Bọ̀dá Káyọ̀dé, tó gbọ́ nípa ayẹyẹ ilé ìwé wa, ti sọ fún yín pé mo jẹ́ kí ọmọ kan yin ọlọ̀tẹ̀ níwájú àwọn sójà. Ó dùn mí gan-an, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi.

Ọyẹ́ ti dé síbí, ṣùgbọ́n èéfín dúdú ló ń bá a rìn. Aṣọ funfun tí mo bá sá láàárọ̀ ti dọ̀tí kí n tó ká a. Bí mo bá sì ti ilé ìwé dé sí yàrá mi ní Rumuigbo, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Yorùbá.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí àwọn sójà ń bọ̀, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ bi àwọn àgbà ilé wọn tó jagun, kí wọ́n kọ ọ́ bí ìtàn tàbí ewì, kí wọ́n wá kà á fún àwọn sójà àtijọ́ tí a pè. Ẹ̀yin tí ẹ jà fún Nàìjíríà ni mo ń rò. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ní agbègbè yìí, ọ̀dọ̀ Biafra ni bàbá àgbà ọmọ mìíràn ti jà. Ọ̀kan nínú wọn, Chidinma, kọ nípa bàbá àgbà tirẹ̀: ebi, ìbọn kan tí bàbá náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lò, àti bó ṣe pọn ọ̀rẹ́ náà títí ara onítọ̀hún fi tutù. Ó ní bàbá àgbà òun kò ní mẹ́dàlì, pé ìtàn yìí lòun fi ṣe mẹ́dàlì fún un.

Ọ̀gá ilé ìwé wa obìnrin ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Ó ní wetin concern òun pẹ̀lú irú wàhálà yẹn, pé bí sójà kan bá bínú, kí n di ẹrù mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀, mo dá orúkọ ọmọ náà padà sínú ètò.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, Chidinma bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Sójà àgbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan gé dìde, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Ló bá yíjú padà, ó bi Chidinma níbi tí bàbá àgbà rẹ̀ wà. Ọmọ náà ní e dey for gate, pé ó ní ayẹyẹ náà kì í ṣe tòun. Sójà náà jáde. Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó jọ wọlé. Wọn ò bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Sójà náà wá ní kí Chidinma tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí ni Bọ̀dá Káyọ̀dé kò sọ fún yín. Ọ̀gá wa kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ náà, n ò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì wà.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, àwọn ọmọ kọjú sí mi. Wọ́n ní Àǹtí, your papa sef na soja, kí n ka tèmi. Bàbá, n kò ní nǹkan kan láti kà. Mo mọ àpá itan yín, n kò mọ bó ṣe débẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá bi yín ni ẹ máa ń dìde kúrò lórí àga. Mò ń bọ̀ wálé nígbà ọdún Àjíǹde. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará àdúgbò àti ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́