Ìwé Ìjẹ́wọ́ Bàbá Dán-an-wò

Sí ìyàwó olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ àti gbogbo ẹbí,

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín lónìí kì í ṣe èyí tí ẹnu ń fẹ́ sọ. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àwa Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wò ó bóyá àjọ kan ṣoṣo lè máa darí pínpín iná mànàmáná jákèjádò ìpínlẹ̀ fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ, bàbá àti ẹ̀gbọ́n yín, àgbà òṣìṣẹ́ iná tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Dán-an-wò. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi gun òpó, òpó kò sì gbé e ṣubú rí. Orí ibùsùn rẹ̀ ló ti dágbére, lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn tó ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé.

Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú Ìgbìmọ̀ yìí. Àwa mẹ́jọ ní ìwé ẹ̀rí gígùn. Olóògbé ní àkàbà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá ìpàdé, alága wa rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ló wá tún ṣe, ó sì nawọ́ sí i fún un. Bàbá kò jiyàn. Ó gun àga, ó tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó nu ọwọ́, ó wá lọ jókòó síbi tí wọ́n kọ “Ọmọ Ìgbìmọ̀” sí. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti ń wọlé ni alága ń dìde.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa rọrùn lójú. Ọ́fíìsì àgbègbè mẹ́fà ló ń pín iná, oníkálukú ń tan tirẹ̀, oníkálukú ń pa tirẹ̀. Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá kan lè máa pàṣẹ fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A kó ìwé àkọsílẹ̀ wáyà wọn jọ, a ṣírò, a ya àwòrán aláràbarà, a sì kọ ìdáhùn wa: Ó ṣeé ṣe. Ẹni mẹ́jọ buwọ́ lù ú. Ẹnì kẹsàn-án gbé bírò sílẹ̀.

“Ẹ dán an wò ná,” ni Bàbá wí.

“Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé,” ni alága fèsì.

“Ìwé kì í gun òpó, ọ̀gá. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gùn ún. Bí ìwé yín bá purọ́, yàrá yín á ní iná ti kú, ọmọ ọlọ́mọ á gòkè, òun gan-an ni yóò wá kú.”

Bí a ṣe ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìdánwò nìyẹn. Ọ́fíìsì méjì gbà láti gbọ́ àṣẹ yàrá wa fún ọjọ́ náà nìkan. Ìwé sọ pé ọ́fíìsì ìlà-oòrùn ló ń fún wáyà ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí níná. A ní kí wọ́n pa á, wọ́n pa á. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀, baba ọmọ mẹ́ta, ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà kí Bàbá tó fi bẹ́líìtì fà á wálẹ̀. Bàbá na ọ̀pá tí wọ́n fi ń dán wáyà wò sókè. Ọ̀pá pariwo. Iná ṣì wà níbẹ̀ digbí. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀.

Bàbá yọ fóònù. Ó pe ìwọ̀-oòrùn pé kí wọ́n pa tiwọn, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fúnra rẹ̀ gòkè, ó ń bú lọ: “Ọ̀lẹ wo ló so wáyà yìí mọ́ apá kejì tí kò kọ ọ́ sílẹ̀? Irú wọn ò yẹ kó di ẹ̀mú mú! Ìyá tó bí i kò tiẹ̀…”

Èébú dúró lójijì. Ìdí ni pé ó ti rí ìsopọ̀ náà: ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta sápá òsì, wọ́n sì ká ìrù rẹ̀ sínú bí ẹni ká etí ìwé. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń so ó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀.

“Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?” ni Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ béèrè nísàlẹ̀.

“Ẹ bá mi dá ìyá onítọ̀hún sí,” ni ohùn dáhùn lókè. “Èmi ni.”

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣàlàyé. Ọdún tí ìjì ńlá jà, iná kú nílé ìgbẹ̀bí, aboyún mẹ́rin sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá yí wáyà náà sí ìwọ̀-oòrùn. “Mo ní n ó kọ ọ́ lọ́la,” ó wí. “Ọ̀la náà ti pé ọdún mọ́kànlá.”

Alága fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní bí òun tí òun ń pariwo “ẹ dán an wò” bá lè ṣe é, ta ni kò ní ṣe é? Ó ra ìwé kan, ó kọ “Ìjẹ́wọ́” sẹ́yìn rẹ̀, ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ṣáájú. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń káàkiri ọ́fíìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wáyà kankan sílẹ̀ láìkọ. Àgbà òṣìṣẹ́ kan wo ìwé náà títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa àga sún mọ́bí. Ẹ tún mú bírò kejì dání.” Ìjẹ́wọ́ igba ó lé mẹ́tàlá la kà títí di ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá a dúró.

Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé ìwé náà wá fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní, “Iṣẹ́ yín rèé. Ọkọ oníná, ilé olókùnkùn! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fi àtùpà wá bàtà rẹ̀.” A bá yín rẹ́rìn-ín, a sì bá yín sunkún. Lẹ́yìn tí ẹ lọ la ṣí ojú ìwé ìkẹyìn, a sì bá ìjẹ́wọ́ kan tí a kò tíì kà, èyí tó sọ ọ́ di igba ó lé mẹ́rìnlá:

“Ogún ilé ló wà lórí wáyà ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tí mo yí i, ìwọ̀-oòrùn ní ilé mọ́kàndínlógún ni agbára òun gbé. Mo já ẹyọ kan, mo gbé e sí ìparí wáyà míì, níbi tí iná ti ń dé bí ẹni tó ń ṣàìsàn. N kò lè já ti ọmọlàkejì. Tèmi ni mo já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi.”

A jíròrò lórí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn fún wákàtí kan. Ẹni márùn-ún ní ká bọ̀wọ̀ fún òkú, ká dákẹ́. Àmọ́ alága rán wa létí òfin olóògbé, pé kò sí wáyà tí a gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìdí nìyí tí a fi sọ fún yín. Ẹ forí jì í, Màmá. Ẹ forí ji àwa náà.

Ìdáhùn wa sí ìjọba ti yí padà: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá fi ojú rí gbogbo wáyà ìpínlẹ̀ yìí, a sì fojú díwọ̀n pé yóò gba ọdún mẹ́ta. Àwa mẹ́jọ ti buwọ́ lù ú. Níbi tí ó yẹ kí Bàbá buwọ́ lù, ìwé rẹ̀ la so mọ́ ọn. Ilé ìgbẹ̀bí ti ní tiransifọ́mà tirẹ̀ báyìí, àyè sì ti yọ lórí wáyà náà, nítorí náà lọ́jọ́ Ajé, Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ yóò wá dá ilé yín padà sórí wáyà àtijọ́. Yóò dán an wò kí ó tó gòkè. Yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kúrò nídìí òpó.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí kò sí ohun tó pamọ́ lójú rẹ̀, tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó jókòó tì yín níbi tí ọ̀rọ̀ ìtùnú tiwa kò lè dé, kí ó sì nu omijé yín. Bí iná bá sì dé lọ́jọ́ Ajé, Màmá, kí Ọlọ́run fún yín lókun láti wo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀,
lórúkọ àwa mẹ́jọ tó ṣẹ́kù