Oògùn Tí Kò Gbẹ Lára Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ìyàwó mi kú lọ́jọ́ kejìlá oṣù kọkànlá tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Mi ò mọ̀wé. Fóònù ni mò ń sọ̀rọ̀ sí, òun ló ń kọ ọ́.

Dókítà ní kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan ló sọ mí di ọ̀lẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: èròjà tó ń fún ọkùnrin lágbára ti lọ sílẹ̀, egungun mi pàápàá ti ń fúyẹ́. Oògùn kíki inú ìgò ló fún mi, kí n máa fi pa èjìká láràárọ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n tún ìyàwó fẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kí n lè padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà mi ni mò ń wá.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta
Oògùn náà ń ta sí imú bí ọtí. Kí n tó wọ ẹ̀wù, ó ti gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹta
Mo dá ilẹ̀kùn kan gbé lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Apá—àbíkẹ́yìn mi, tó ń gbé irin kí apá rẹ̀ lè tóbi—ní mo ti di ọ̀dọ́. Ó ní òun ni yóò máa bá mi gba oògùn bọ̀, kí n má rìn jìnnà. Mo ṣàdúrà fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹrin
Oorun. Oorun ṣáá. Oògùn yìí kì í gbẹ mọ́, ń ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. Ọ̀gbẹ́ni Apá ní wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà ni. Ó dáa. Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Karùn-ún
Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà fajú ro, ó ní mi ò lo oògùn. Mo gbé ìgò fún un. Ó tẹ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ń bá mi gbà á, àti irú eré tí ọmọ náà ń ṣe.
"Baba, ìpara irun lẹ fi ń pa èjìká."
Irorẹ́ tó kún ẹ̀yìn ọmọ yẹn. Apá tó ń wú. Mo sì ń yìn ín.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Karùn-ún
Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Apá bóyá òun ló ń fi oògùn mi para. Kò jiyàn. Ó ní ìdíje àwọn tó ń gbé irin ti sún mọ́lé.
"Bàámi, níbi tẹ́ ẹ dàgbà dé yìí, kí lẹ tún fẹ́ fi agbára ṣe?"
Agbára tí ǹ bá fi gbá a létí, ara rẹ̀ ló wà.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Karùn-ún
Àkọ́bí mi, mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ. Oògùn tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó máa wà. Dókítà ní èyí tí àbúrò rẹ jí lò lè ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Mo gbọ́. Kò dùn mí tó bó ṣe yẹ kó dun bàbá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá ẹjọ́ yìí. Kó kúrò nílé mi ni, kó dúró ni, ìwọ ni kó o sọ.