Ọ̀rọ̀ Gémù Tí Olè Gbé ní Uso

Akínjídé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, iṣẹ́ ńkọ́, ará ilé rẹ ńkọ́? Àwa níhìn-ín ní Uso wà lálàáfíà, ìyá rẹ kí ọ, òjò ti ń rọ̀, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, wọ́n sì ti kan páànù tuntun sórí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa yóò máa ṣọ́ ọ ní Àbújá, o kò ní rí ogun ìlú ńlá. Tiwalọlá àbúrò rẹ ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó di ojú rẹ̀ bó bá ń yà á.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ohun tí o gbé sórí fóònù lọ́jọ́sí. Tiwalọlá ló sáré wá fi hàn mí, ó ní Bàbá, ẹ wá wo sítátọ́ọ̀sì Bọ̀ọ̀dá Akin. Mo rí àwòrán gémù tí o fi ń da ilé rú nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé o ti rí ẹ̀rọ rẹ̀ rà lọ́jà òkìríkà, ó ku páàdì tí wọ́n ń dì mú, àti pé láti ìgbà tí olè ti gbé tìrẹ lọ ní Uso ni ọkàn rẹ ti wà níbẹ̀. Tiwalọlá ní igba èèyàn ló ti wò ó. Àyà mi já. Mo ní ọmọ mi ti lọ fẹjọ́ sun gbogbo ayé, ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó tún ṣí i, ó ní ó ti lọ, ni mo bá dúpẹ́ pé o ti gbé ẹjọ́ náà kúrò ní kóòtù.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, sí ọ̀dọ̀ Jímọ̀ tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Òkìtì nǹkan ìṣeré ọmọ òyìnbó ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mọ́tò tí kò ní táyà, bèbí olójú kan, mo jókòó sílẹ̀ mo ń tú u, àwọn tó ń kọjá sì ń bi mí bóyá ìyá rẹ tún ti bímọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí páàdì náà. Ọmọ òyìnbó kan ti fi bírò kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní bàbá tirẹ̀ náà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

O mọ̀ pé ìyá rẹ kì í jẹ́ kí òkìríkà wọlé láìjẹ́ pé a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti iyọ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òkú ló ni ín. Mo rẹ páàdì náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi wáyà rẹ̀ so ó kọ́ sórí okùn aṣọ. Nígbà tí Tiwalọlá dé, ó figbe ta bí ẹni rí ejò. Ó gbé e padà fún Jímọ̀, ìyẹn tú u, ó sá a sóòrùn, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ àfi ẹyọ kan. Wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ń fò ni. Kò burú, fífò tìrẹ ti pọ̀ jù láti kékeré.

Akin, mo kàn ń yí ọ̀rọ̀ po ni. Kò sí olè kankan, èmi ni. Nígbà tí o gba méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò, inú bí mi, mo gbé gémù náà fún Jonah tó ń tún rédíò ṣe, mo dé ilé, mo ní olè wọlé. Ìyá rẹ kó gbogbo wa jọ, ó ka Sáàmù lé olè náà lórí pé kí orúnkún rẹ̀ má lágbára mọ́, èmi ni àmín mi sì ròkè jù. Ìwọ náà mọ bí orúnkún mi ti ń ṣe mí. O sunkún títí o fi sùn lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbọ́ ọ láti yàrá mi, mi ò lè dìde wá sọ òótọ́. Ó ti tó ogún ọdún, ó ṣì ń dùn mí. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Má sọ fún ìyá rẹ, kó má baà ka òmíràn.

Mi ò ní fi páàdì rán dírẹ́bà, wá mú un fúnra rẹ, kí o gbé ẹ̀rọ tìrẹ dání. Tẹlifísọ̀n wa ti kú, nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún un ṣe kí o tó dé, kí o fi ti òróró tí mo fi ń ra orúnkún kún un. Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ, ọ̀nà rẹ yóò là, àwọn ọmọ rẹ yóò fojú ire wò ọ́.

Páàdì méjì ni mo rà, èkejì kò tíì fojú kan omi. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí o na ọ̀kan sí mi, o ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ gbá a, mo ní mi ò ráyè. Mo ti ráyè báyìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínwọlé